Èmi Màmá Awẹmọ ní Bódìjà

Igbe ọmọ ló kó mi wọ iṣẹ́ yìí. Káfíńtà ni ọkọ mi, Bàbá Moji, wọ́n sì ń kan òrùlé ilé kan lọ́wọ́ ní Bódìjà nígbà náà. Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un láti Agbowó tí à ń gbé. Bí mo ṣe ń kọjá níwájú ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ wọn, mo gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Kì í ṣe igbe ebi, kì í sì í ṣe igbe inú rírun. Ẹni tó bá ti tọ́mọ rí á mọ̀ ọ́n: igbe ọmọ tí ara ń yún, tí wọn ò tíì wẹ̀ kó mọ́ láti ọjọ́ tó ti dé ayé. Mo ní kí n máa lọ, ẹsẹ̀ mi ò gbà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu géètì, mo kan ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì ló ṣí i, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí àìsùn.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ta ló ń wẹ ọmọ yín?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ ẹ́, mà. Ìyá ìyàwó mi wà lórí àìsàn ní Àkúrẹ́, ìyá tèmi sì ti kú. Ẹ̀rù ń ba àwa méjèèjì. A kàn ń fi aṣọ tó tutù nù ún lára ni."

"Ẹ gbé omi kaná," ni mo sọ fún un.

Mo bọ́ bàtà, mo ká ìró sókè, mo jókòó sẹ́yìn kíṣìnì wọn. Nígbà tí mo fi máa fi òrí pa ọmọ náà lára tán, ó ti sùn. Ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ń sunkún nídìí ilẹ̀kùn. Ó ní òun ti rò pé ọmọ náà kò fẹ́ràn òun ni. Bàbá Moji jẹ oúnjẹ tútù lọ́jọ́ yẹn, ó sì ráhùn nípa rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní Ṣakí tí wọ́n ti bí mi, ọmọ wíwẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́. Tí obìnrin bá bímọ, ìyá ọkọ rẹ̀ á ti wà níbẹ̀, ìyá tirẹ̀ náà á gbé igbá òrí dé, àwọn méjèèjì á sì máa du ọmọ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá na owó sí wọn pé kí wọ́n gba owó iṣẹ́, ìjà ló máa dà. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi, obìnrin náà sì le koko bí ojú ẹja. Kò kọ́kọ́ fún mi lọ́mọ, iṣu ló fún mi. Ó fi ọṣẹ pa iṣu náà lára, ó ní kí n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ mi kí n wẹ̀ ẹ́. Iṣu yọ̀, ó já bọ́ sínú ọpọ́n. Ó wò mí, ó ní, "O ti pa á. Lọ mú òmíràn wá." Iṣu tó kú lọ́wọ́ mi kì í ṣe kékeré kí n tó rí èyí tó yè.

Ẹni tó bá fẹ́ wẹ ọmọ á jókòó sórí àpótí kékeré, á na ẹsẹ̀ méjèèjì sínú ọpọ́n, á wá tẹ́ ọmọ sórí ojúgun. Ìgúnpá la fi ń tọ́ omi wò, nítorí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin tó ti ń dáná bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́ kì í sọ òótọ́. Kànìnkànìn rírọ̀ àti ọṣẹ dúdú la fi ń wẹ̀ ẹ́, ká tó wá fi omi ṣàn án. Lẹ́yìn náà la ó fi òrí ra á lára, a ó na apá, a ó na ẹsẹ̀, a ó rọra fọwọ́ tẹ orí kó lè rí roboto, a ó sì jù ú sókè díẹ̀ kí àyà rẹ̀ má baà máa já tó bá dàgbà. Ìyá ọmọ náà ní tirẹ̀, aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná la fi ń tẹ ikùn rẹ̀. Àwọn kan wà ní Bódìjà tí wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì bú mi nígbà tí mo ń tẹ ikùn wọn, wọ́n á sì tún bẹ̀ mí tí mo bá ṣe tán.

Ní ti owó, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí mo padà lọ wẹ ọmọ tíṣà yẹn, ó na owó sí mi. Mo ní, "Ọmọ ni mo wẹ̀, n kò gbẹ́ kànga fún ẹ."

Ó ní, "Màmá, tí ẹ ò bá gbà á, ojú á tì mí láti tún pè yín lọ́la."

Mo rò ó wò. Ọmọ yẹn máa nílò ìwẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, á nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Mo gbà á. Bí ohun tí à ń fún ara wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ṣakí ṣe di iṣẹ́ oṣù ní Ìbàdàn nìyẹn.

Àdúgbò náà ń gbèrú lójoojúmọ́ nígbà náà. Ẹ ó kọjá níbì kan lónìí kẹ́ ẹ rí igbó, tó bá máa di oṣù mélòó kan sí i, ilé ti yọ orí níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn olùkọ́ yunifásítì, àwọn ọmọ báǹkì tó ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, láti Èkìtì, láti Oǹdó, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń kó ìyàwó wọn wá. Kò sí ohun tí wọn ò fi tọ́mọ níbẹ̀. Kóríko tútù wà níwájú ilé, jáńgìrọ́fà wà lábẹ́ igi mángòrò, jẹ́lé-ó-sinmi wà ní kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọmọ sì lè gun kẹ̀kẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin rẹ̀ kí mọ́tò má fọn fèrè mọ́ ọn. Tí àwọn ará Èkó bá wá kí wọn lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ibí ló yẹ kéèyàn ti máa tọ́mọ. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò ní níbẹ̀ ni ìyá. Ìyá wà ní abúlé, ìyá wà nínú oko, ìyá ń ṣọ́jà, kò sì mọ ọ̀nà Ìbàdàn. Géètì ló wà láàárín ilé kan àti èkejì, kò sì sẹ́ni tó lè ké sí aládùúgbò rẹ̀ pé wá bá mi gbé ọmọ yìí.

Èmi ni mo di ìyá fún gbogbo wọn. Màmá Awẹmọ ni wọ́n sọ mí, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń bi ara wọn pé ta ló ń wẹ ọmọ fún ẹ, bí wọ́n ṣe ń bi ara wọn pé ta ló ń ránṣọ fún ẹ. Láàárọ̀ màá wà ní Bódìjà, lọ́sàn-án màá wọ mọ́tò lọ sí Onírèké, nígbà tí Baṣọ̀run sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún, apá mi ò ká a mọ́. Mo wá kọ́ obìnrin kan níṣẹ́ náà, Ìyá Ràṣídì, ará Ìṣẹ́yìn tó ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa ní Agbowó. Èmi náà fi iṣu kọ́ ọ. Iṣu tirẹ̀ ò kú púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ dára.

Oríṣiríṣi èèyàn ni mo bá pàdé. Bàbá ọmọ kan wà tó jẹ́ dókítà ìwé, kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara ló mú jáde lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀, ó ń tì í bọ omi mi. Mo wò ó bí ẹni ń wo wèrè. Ó ní, "Màmá, omi yìí ti gbóná jù." Mo fi ìgúnpá kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbóná jù lóòótọ́. Mo bu omi tútù lé e, mo sì sọ fún un pé kó máa bá mi mú nǹkan rẹ̀ yẹn jáde lójoojúmọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ máa bá mi di ọmọ náà mú, mo ní ìyẹn ò sí nínú àdéhùn wa.

Iṣẹ́ yẹn la fi ran iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́ tí Moji, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa, fi ka ìwé dé ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Agbowó ò kà á dé. Ó rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, ibẹ̀ ló ti pàdé Káyọ̀dé, ọmọ báǹkì, ọmọlúwàbí tí kì í gbóhùn sókè. Wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n gba ilé. Ní Bódìjà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé yẹn, mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń tọ̀ mí lẹ́yìn láti bi mí pé ọmọ ta ni mo wá wẹ̀.

Nígbà tí Moji lóyún, mo sọ fún gbogbo ẹni tó wá bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ nínú oṣù ìkúnlẹ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n lọ bá Ìyá Ràṣídì. Aboyún kan bínú, ó ní ṣé torí òun kì í ṣe ẹni ńlá ni. Mo ní, "Ọmọ mi ló fẹ́ bímọ. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Mo ti wẹ ọmọ ọlọ́mọ títí ọwọ́ mi fi hunjọ. Ohun tí mo ń retí láyé mi lásìkò náà kò ju pé kí n jókòó gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà, kí n wẹ ọmọ tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi, kí àwọn àlejò wọlé wá bá mi níbẹ̀ kí wọ́n ní, "Ẹ kú ewu ọmọ, Màmá." Ẹ̀tọ́ mi ni. Obìnrin tí kò ní nǹkan kan láyé pàápàá ní ẹ̀tọ́ yẹn.

Ó bí obìnrin. Mo pè é ní Àbẹ̀ní. Ìyá Káyọ̀dé tó ń gbé Èkó wá fún ìsọmọlórúkọ, ó sì padà lọ́jọ́ kejì torí ọjà rẹ̀. Yàrá àlejò ni wọ́n fi í sí. Èmi, Moji ní kí n wà ní yàrá ẹ̀yìnkùlé, pé ó sún mọ́ kíṣìnì, omi gbígbóná á máa yá. N kò rò ó sí nǹkan kan. Ìyá Káyọ̀dé lọ tán, yàrá àlejò ṣófo, èmi ṣì wà lẹ́yìnkùlé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn kíṣìnì, Àbẹ̀ní wà lórí ẹsẹ̀ mi, ọṣẹ wà lórí rẹ̀. Mo gbọ́ bàtà gogoro tó ń bọ̀. Moji ló mú obìnrin kan wá wo ọmọ. Ìyàwó ọ̀gá Káyọ̀dé ni, Màdáámù ni gbogbo wọn ń pè é. Mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ilé yẹn ju orúkọ Ọlọ́run lọ, nítorí àsìkò tí owó ìlú yìí bàjẹ́ ni, tí mílíìkì ọmọ di ohun ọ̀wọ́n, tí àwọn báǹkì sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Káyọ̀dé ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ láìmọ̀ bóyá iṣẹ́ ṣì wà. Ọkọ obìnrin yìí ló mọ ẹni tó máa lọ.

Màdáámù dúró, ó ń wo ọwọ́ mi. Obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín dáadáa ni, kò ní ìgbéraga. Ó kí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó wá yíjú sí Moji.

"Wo bí ọwọ́ wọn ṣe rọ̀ tó. Moji, níbo lo ti rí wọn?"

Mo gbójú sókè. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ń dúró kí ọmọ mi sọ ọ́.

Moji ní, "Agbowó ni wọ́n ń gbé, mà."

Irọ́ kọ́ ló pa. Agbowó ni mò ń gbé lóòótọ́.

"Ó mà dáa o," Màdáámù ní. "Àbúrò mi máa bímọ láìpẹ́, Baṣọ̀run ló wà. Ṣé wọ́n á lè ráyè?"

"Ká bi wọ́n, mà," Moji ní. Ó ń tún táwẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ká, bẹ́ẹ̀ ó ti ká a tẹ́lẹ̀.

Ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ ẹni kì í jẹ́ kéèyàn fi ìbínú dìde. Ọṣẹ wà lójú rẹ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì gbójú lé mi. Ohun tó jẹ́ kí n wà ní ìjókòó nìyẹn. Mo bu omi, mo ṣàn án lórí, mo fọwọ́ bo ojú rẹ̀. Màdáámù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi.

"Màmá, kí ni wọ́n ń pè yín, kí n lè júwe yín fún àbúrò mi?"

Ẹnu mi ṣí. Mo lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: ìyá Moji ni mí. Mo wo ọmọ mi, mo rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, irú èyí tí mo máa ń rí lójú rẹ̀ ní kékeré tó bá fọ́ abọ́. Mo ní, "Màmá Awẹmọ ni wọ́n ń pè mí, mà."

Mo pe ọmọdé ní mà. Ó fi owó sí mi lọ́wọ́, ó dúpẹ́, wọ́n wọlé lọ.

Nígbà tó lọ tán, Moji wá bá mi nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé. Ó jókòó sórí ilẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú. Mi ò sọ pé ẹ kì í ṣe ìyá mi."

"O ò sì sọ pé èmi ni."

"Ó ti rò ó bẹ́ẹ̀ kó tó bi mí. Gbogbo wọn níbí ló mọ̀ pé ẹni tó bá ń wẹ ọmọ, wọ́n háyà rẹ̀ ni. Ojú tì mí láti já a nírọ́. Ó rò pé ilé ọlọ́lá ni mo ti wá, Màámi. Káyọ̀dé ló jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀."

Ìyẹn ló gún mi jù. Ní Ṣakí, kò sí aṣiwèrè tó máa rí àgbà obìnrin tó ń wẹ ọmọ tuntun kó bi í pé ta ló háyà rẹ̀. Ìyá ni, ó tán. Èmi ni mo ti ilé dé ilé ní Bódìjà tí mo fi kọ́ wọn pé ìyá ṣeé háyà. Wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa, ó sì dé orí mi. Ó dùn mí, kò sì tíì ṣíwọ́ dídùn mí.

Mo bi í pé, "Tó bá tún wá lọ́la, kí ni mo máa jẹ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo dúró dè é kó dáhùn. Ó ní kí n ṣáà ní sùúrù títí ọ̀rọ̀ báǹkì yẹn á fi lójú, pé òun á wá ọ̀nà sọ ọ́ fún un nígbà tó bá yá. Ẹ gbọ́ o, kí n ní sùúrù kí n tó jẹ́ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé omi kaná. Mo wẹ Àbẹ̀ní, n kò kánjú. Mo na apá rẹ̀, mo na ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fi òrí ra á títí ara rẹ̀ fi ń dán. Mo gbé e fún ìyá rẹ̀, mo gbé ẹrù mi, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Agbowó. Bàbá Moji ń rẹ́ pákó níwájú ilé. Ó ní, "Ṣé ogójì ọjọ́ ti pé ni?" Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó sọ ayùn sílẹ̀. Kò fi ṣe nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Káyọ̀dé wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ìyàwó òun ṣìṣe, pé òun lòun fà á. N kò bá a jà. Mo kàn bi í pé, "Ṣé o ti wá sọ fún ìyàwó ọ̀gá rẹ pé èmi ni ìyá ìyàwó ẹ?" Ó ní òun ò tíì sọ ọ́. Mo ní kó dìde, kó má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn tó lọ ni Ìyá Ràṣídì wọlé tọ̀ mí wá. Kò jókòó. Ó ń fi ìborùn nu ọwọ́ tí kò lómi.

"Ẹ̀gbọ́n, n kò lè lọ láìsọ fún yín. Moji ló ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa wá wẹ ọmọ náà. Ó ní kí n má sọ fún yín. Ẹ ní kí n má lọ, n kò ní lọ."

Mo rò ó. Inú ń bí mi débi pé mo fẹ́ sọ pé kó má lọ, kí ìyá rẹ̀ máa fi aṣọ tútù nù ún. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ọjọ́ mélòó kan mọ̀ nípa báǹkì?

Mo ní, "Lọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Ọmọ yẹn ò fẹ́ kí omi kan etí rẹ̀. Tí o bá fẹ́ ṣan orí rẹ̀, fi ọwọ́ òsì pa etí rẹ̀ méjèèjì dé, àtàǹpàkò síbí, ìka àárín sọ́hùn-ún. Tó bá ti ń ju ẹsẹ̀, kì í ṣe pé omi gbóná, ó fẹ́ kí o bá òun sọ̀rọ̀ ni. Máa bá a sọ̀rọ̀. Àbẹ̀ní ni kó o máa pè é."

Ó tún un sọ tẹ̀lé mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é níwájú mi títí tó fi gún. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Iye tí à ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará Bódìjà ni kó o gbà," mo ní. "Má dín in fún un. Kì í ṣe ẹbí wa."

Ó lọ. Àwọn èèyàn ṣì wá pè mí lẹ́yìn ìgbà náà, títí kan àbúrò Màdáámù yẹn. Mo ní ọwọ́ ń dùn mí. Mo ti wẹ ọmọ rẹpẹtẹ ní ìlú yìí, ọmọ ọmọ mi ni mo wẹ̀ kẹ́yìn.